Fótò Kan Kì í Ṣe Fótò

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń bi mí pé ṣé iṣẹ́ fótò dára láti kọ́, ẹ jókòó kí n bá yín sọ̀rọ̀. Mi ò ní tàn yín. Ó lé ní ogójì ọdún tí mo fi ya fótò ní Pobẹ̀, lódìkejì ibodè Nàìjíríà, kò sì sí ọjọ́ kan níbẹ̀ tí ẹ̀rù ò bà mí. Àwọn kan á sọ fún yín pé iṣẹ́ ayọ̀ ni, pé ibi ayẹyẹ la máa ń wà, pé à ń jẹun ọ̀fẹ́ káàkiri. Irọ́ ni wọ́n ń pa. Ayàfótò kì í gbádùn ayẹyẹ kankan. Bí àwọn èèyàn bá ń jó, ohun tó ń rò lọ́kàn ni pé: ṣé ó wọlé? Ṣé ó máa jáde dáadáa? Àbí mi ò ṣí ìdérí ojú aparéì ni? Aparéì ni a máa ń pe kámẹ́rà lọ́dọ̀ tiwa. Ojo ni mí, mi ò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ ọ́. Ìyàwó mi ní bí alángbá bá mi orí sí mi, màá dọ̀bálẹ̀ kí i.

Bí mo ṣe wọṣẹ́ kò gba àlàyé. Ọmọ Sàkẹ́tẹ́ ni mí. Ìwé sú mi, èmi náà sì sú àwọn olùkọ́, ni bàbá mi bá fà mí lọ́wọ́ lọ bá Ọ̀gá Sùmọ́nù ní Pobẹ̀. Iye tí wọ́n gbà lọ́wọ́ wa àti iye tí mo wá ń rí nígbà tí mo dá dúró, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Kò tó nǹkan nígbà yẹn, kò sì tó nǹkan títí mo fi fẹ̀yìn tì.

Ọ̀gá Sùmọ́nù! Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò lè fara da irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ọkùnrin gíga, tín-ín-rín, onífìlà funfun, tí kì í rẹ́rìn-ín bí kò ṣe tí ẹlòmíràn bá fẹ́ ya fótò. Aparéì méjì ló máa ń gbé kọ́ ọrùn, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, bí ọdẹ tó ń lọ sígbó. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé kí ni méjì wà fún. Ó ní, "Fótò kan kì í ṣe fótò." Mo ní mi ò gbọ́ ọ yé. Ó ní, "Èèyàn mẹ́ta ló wà tí o kò gbọdọ̀ fi aparéì kan ṣoṣo yà: arúgbó, òkú, àti ìbejì. Àwọn mẹ́ta yìí kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí èyí bá bàjẹ́, o ò ní rí wọn yà mọ́."

Ọdún kìíní, mi ò fọwọ́ kan aparéì. Ilẹ̀ ni mo ń gbá, abọ́ tí a fi ń fọ fótò ni mo ń ṣan. Ọdún kejì, ó so aṣọ mọ́ mi lójú, ó ní kí n máa ki fíìmù bọ inú aparéì kí n sì máa yọ ọ́, títí ọwọ́ mi fi mọ ọ̀nà ju ojú mi lọ. Ọ̀nà tí a ń gbà yọ fíìmù ló le jù. Bí o bá yà á tán, wàá máa yí ọwọ́ kékeré tó wà lórí aparéì kí fíìmù lè ká padà sínú ilé rẹ̀. Nígbà tí o bá gbọ́ pé ó tú, o ò tíì gbọdọ̀ ṣí i. Wàá tún yí i lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, wàá máa kà á sókè, kí ọ̀gá gbọ́. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kan fíìmù báyìí, gbogbo ojú tó wà nínú rẹ̀ ló parẹ́.

Lọ́jọ́ kan, èmi alátojúbọ̀, mo ṣí ẹ̀yìn aparéì kan tí mo rò pé òfìfo ni. Òfìfo ni lóòótọ́, àmọ́ Ọ̀gá rí mi. Kò nà mí. Ó gbé aparéì náà lé mi lẹ́sẹ̀, ó ní kí n jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù láti àárọ̀ títí oòrùn fi wọ̀, oníbàárà tó bá sì wọlé, kí n kí i pé, "Ẹ káàbọ̀ o. Èmi ni mo fẹ́ pa ojú yín rẹ́." Àwọn obìnrin tó ń ti ọjà bọ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Èmi náà sunkún, àmọ́ tèmi kì í ṣe ẹ̀rín. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rù aparéì ti wọ̀ mí lára.

Lọ́jọ́ tí wọ́n líbéré mi, èyí tí ẹ̀yin ará Nàìjíríà ń pè ní fúrídọ̀ọ̀mù, Ọ̀gá bọ́ ọ̀kan nínú aparéì rẹ̀ méjèèjì, ó gbé e kọ́ mi lọ́rùn. Ó ní, "Lọ ra èkejì fúnra rẹ. Àmọ́ má ya ìbejì títí o fi rà á." Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní mo gbọ́. Ọ̀gá mi, ẹ dárí jì mí níbi tí ẹ wà. Mo gbọ́, mi ò ṣe é.

Ọdún kejì tí mo dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ nítòsí ọjà Pobẹ̀ ni obìnrin kan ti Yoko wá. Ọmọ ọwọ́ kan wà lẹ́yìn rẹ̀, ọmọkùnrin tó wọ aṣọ funfun. Ìyá Táyé ni wọ́n ń pè é. Ó ní ìbejì lòun bí, pé Táyé rèé, pé Kẹ́hìndé ti lọ ṣẹ́gi. Lọ́dọ̀ tiwa a kì í sọ pé ìbejì kú. A máa ń sọ pé ó lọ ṣẹ́gi nínú igbó, bí àwọn Ègùn tí a jọ ń gbé ṣe ń sọ ọ́. Ó ní àwọn àgbà ilé ní kóun gbẹ́ ère fún èyí tó lọ, àmọ́ òun ti ṣèrìbọmi, fótò lòun fẹ́.

Gbogbo ayàfótò ló mọ irú fótò bẹ́ẹ̀. A ó ya èyí tó wà láyé. A ó tẹ̀ ẹ́ jáde lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan ṣoṣo, tọ̀tún tòsì, kí àwọn méjèèjì lè jókòó ti ara wọn. Ìyá á gbé e kọ́ ògiri, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀ pé èyí tó lọ kò wà níta.

Ohùn Ọ̀gá dún létí mi. Mo wo aparéì kan ṣoṣo tó wà lọ́wọ́ mi. Mo tún wo fíìmù, ó ku fótò kan péré. Mo ní, ṣé ọmọ ọwọ́ ni yóò sá lọ mọ́ mi lọ́wọ́? Mo gbé Táyé ka orí àpótí, ìyá rẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún un, ọmọ náà rẹ́rìn-ín, mo tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan. Ìyá Táyé pọ̀n ọ́n, ó lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ká fíìmù náà padà, mo gbọ́ pé ó tú. Ibi tí mo ti ń kà á, mo dé mẹ́ta, ẹnì kan pariwo pè mí níta pé ọkọ̀ ìyàwó ti ń lọ, ṣé mi ò wá yà wọ́n ni. Mo ṣí i.

Kò tíì tú tán. Mo rí fíìmù náà nínú oòrùn ọ̀sán, ó na ara rẹ̀ kalẹ̀ bí ejò. Mo pa á dé kíákíá, bíi pé ìyẹn wúlò. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ọkọ̀ ìyàwó lọ tirẹ̀.

Ohun tó yẹ kí n ṣe ni kí n gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Yoko lọ́jọ́ kejì, kí n ní, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú, ẹ jẹ́ kí n tún un yà. Ẹ̀rù bà mí. Mo ní tó bá dé lọ́jọ́ ọjà, màá dá a lọ́gbọ́n, màá ní ìwé fótò tán, màá tún ọmọ náà yà. Kò dé lọ́jọ́ ọjà yẹn. Ó dé lọ́jọ́ ọjà kejì. Ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo.

Ó jókòó sórí àpótí tí mo gbé Táyé kà. Ó ní, "Táyé náà ti tẹ̀lé èkejì rẹ̀ lọ ṣẹ́gi. Ibà ni. Ọjọ́ mẹ́ta péré." Ó nu ojú rẹ̀. "Ọ̀gá, fótò yẹn nìkan ló kù fún mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e fún mi."

Ṣé ẹ mọ ohun tó ń jẹ́ ẹ̀rù? Ẹ ò tíì mọ̀ ọ́n. Mo ní, "Ẹ dúró díẹ̀," mo wọ yàrá òkùnkùn lọ, mo ti ilẹ̀kùn. Mo dúró nínú òkùnkùn, mo gbé orí lé ògiri, mo ní kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì. Ilẹ̀ ò lanu. Ẹsẹ̀ mi ló kọ lu páálí kan.

Inú páálí yẹn ni mo ń kó fótò tí àwọn oníbàárà ò padà wá gbà sí. Mo ti gbàgbé pé ọmọ ọwọ́ kan wà níbẹ̀, ọmọkùnrin, aṣọ funfun, ọjọ́ orí kan náà. Ìyá rẹ̀ wá láti Ìta-Jẹ̀bú ní oṣù mẹ́jọ ṣáájú, kò sì padà wá. Fíìmù rẹ̀ wà níbẹ̀. Ọmọ ọwọ́ jọra, àbí? Mo tẹ̀ ẹ́ jáde lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan ṣoṣo, tọ̀tún tòsì. Mo fọ̀ ọ́, mo gbẹ ẹ́, mo gbé e jáde fún un.

Ìyá Táyé wò ó pẹ́. Ó fi àtàǹpàkò ra ojú èyí tó wà lápá ọ̀tún, ó tún ra ti èyí tó wà lápá òsì. Lẹ́yìn náà ó gbé ojú sókè, ó wò mí. Ó ní, "Ẹ ṣeun, ọ̀gá." Ó fi ìró rẹ̀ wé e, ó lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni mo gbé ọmọ ọlọ́mọ kọ́ ògiri ilé obìnrin kan. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Èmi ni mo ń ka àwọn ọdún náà. Mi ò lọ sí Yoko mọ́. Bí wọ́n bá pè mí sí ìgbéyàwó níbẹ̀, màá ní ẹsẹ̀ ń dùn mí. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni mo ra aparéì kejì, ó ti pẹ́ jù.

Ayé wá ń yí, iṣẹ́ wa náà ń yí. Fótò aláwọ̀ dé, a di ẹni tó ń kó fíìmù lọ sí Àjàṣẹ́, olú-ìlú wa, kí ẹ̀rọ ńlá lè bá wa fọ̀ ọ́, ẹ̀rù sì ń bà mí ní gbogbo ojú ọ̀nà pé takisí á dojú dé. Lẹ́yìn náà ni aparéì tí kò lo fíìmù dé. Káàdì kékeré bí èékánná ló ń gba àwòrán sínú rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń yọ̀ pé fíìmù ò ní bàjẹ́ mọ́. Èmi ní, káàdì ńkọ́? Fíìmù tó bàjẹ́, o ṣì lè dì í mú kó o sunkún lé e lórí. Káàdì tó bàjẹ́ kì í sọ nǹkan kan fún ọ.

Nígbà yẹn ni Bíọ́dún dé. Ọkùnrin kan wọlé pé kí n ya fótò káàdì ìdánimọ̀ fún òun, òun fẹ́ máa gun zémìjan, ọ̀kadà tiwa nìyẹn. Mo bi í lórúkọ, mo bi í ní ti ìyá rẹ̀ kí n lè kọ ọ́ sẹ́yìn àpò ìwé. Ó ní Bíọ́dún, ọmọ Ìta-Jẹ̀bú. Ó dárúkọ ìyá rẹ̀, ó ní ó ti ṣaláìsí. Ọwọ́ mi dúró lórí bírò. Orúkọ tó wà lẹ́yìn àpò ìwé inú páálí yẹn gan-an ni. Mo gbójú sókè, mo rí àpá kékeré kan lókè ojú òsì rẹ̀, tó tẹ̀ bí èékánná. Ó ní etí odó lòun fi gbá nígbà tóun ń rákò.

Ẹ gbọ́ èyí tó burú jù: oríta iwájú ṣọ́ọ̀bù mi ló yàn láti máa páàkì sí. Gbogbo ìgbà tí mo bá ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, òun lá kọ́kọ́ kí mi. "Bàbá Fótò, ẹ kú àárọ̀ o!" Màá dáhùn, màá sì yára padà wọlé. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, torí kò pẹ́ tí Ìyá Táyé fi kó wá sí Pobẹ̀, sílé ọmọbìnrin rẹ̀ Ìdòwú, èyí tó bí tẹ̀lé àwọn ìbejì. Olùkọ́ ni Ìdòwú. Bí ìyá náà bá fẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ta ni ẹ rò pé ó ń gbé e? Mo ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé, òun lẹ́yìn, Bíọ́dún níwájú, wọ́n ń bá ara wọn tàkúrọ̀sọ. Mi ò lè gbé oúnjẹ mì lọ́jọ́ tí mo bá rí wọn bẹ́ẹ̀.

Èyí ló wá gbé wa dé ọ̀rọ̀ aparéì méjì, tí mo torí ẹ̀ pè yín jókòó. Ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn, aparéì mi kú láàárín ìsìnkú. Ọmọbìnrin mi Ṣadé, tó ti ń bá mi ṣiṣẹ́, ní ó tó àkókò ká ra èyí tó lágbára. A pe Àlùfáà Ráfíù, ọmọ Abẹ́òkúta tó ń ta aparéì àlòkù lọ́jà Pobẹ̀. Ó gbé méjì wá láti Èkó, ó tò wọ́n sórí tábìlì, ó fi aṣọ nù wọ́n.

Ó gbé èkíní sókè. "Bàbá, èyí mọ́jú. Ẹ ya ẹni tó dúró lọ́hùn-ún, ẹ fà á sún mọ́ra nínú kọ̀mpútà, ẹ ó ka irun imú rẹ̀. Nínú òkùnkùn, ó ń ríran. Ó fúyẹ́, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni."

"Káàdì mélòó ló ń gbà?" mo bi í.

"Ọ̀kan."

"Tí káàdì yẹn bá wá kú ńkọ́?"

"Ẹ kì í fi ẹnu ire sọ̀rọ̀, Bàbá." Ó gbé èkejì. "Èyí ti dàgbà. Ó wúwo, kò mọ́jú tó ti àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ihò káàdì méjì ló ní. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó kọ ọ́ sórí méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan kú, ọ̀kan ò kú."

Àfi bíi pé Ọ̀gá Sùmọ́nù ló dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ṣadé ní, "Bàbá, ayé ti kúrò níbẹ̀. Àwọn èèyàn fẹ́ fótò tó mọ́ kedere. Ọdún wo ni káàdì wa kú rí?" Mo ní ọmọdé ò mọ ẹ̀rù. Ó ní ẹ̀rù ò tíì ya fótò fún ẹnikẹ́ni rí. Bí a ṣe ń jiyàn, Àlùfáà fi méjèèjì sílẹ̀ pé ká dán wọn wò títí di ọjọ́ ọjà.

Ọjọ́ kejì ni Ìdòwú wọlé, ó gbé nǹkan kan tí wọ́n fi aṣọ wé. Ó ní, "Bàbá Fótò, ẹ̀yin lẹ ya èyí. Ó ti ń ṣá. Ìyá mi fẹ́ kí ẹ sọ ọ́ di ńlá fún pálọ̀ wa tuntun." Kó tó tú u ni mo ti mọ̀. Ọmọ ọlọ́mọ, tọ̀tún tòsì, wọ́n ń wò mí.

Inú Ṣadé dùn. Ó ní ibi tí a ó ti dán àwọn aparéì náà wò nìyí. Ó gbé fótò àtijọ́ náà kalẹ̀ sójú oòrùn, ó fi èkíní yà á, ó fi èkejì yà á. Ó kó wọn sínú kọ̀mpútà. Ó fa tèkíní sún mọ́ra, ojú ọmọ náà kún gbogbo gíláàsì. Mo rí okùn aṣọ rẹ̀. Mo rí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé mi ìgbà yẹn nínú ẹyinjú rẹ̀. Mo rí àpá lókè ojú òsì, ó tẹ̀ bí èékánná.

Ṣadé rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ wò ó! Àpá yìí jọ ti Bíọ́dún oní-zémìjan gẹ́lẹ́."

Mo ní, "Àpá wo? Ìdọ̀tí ìwé ni." Nígbà tó lọ se oúnjẹ ọ̀sán, mo pa àwòrán yẹn rẹ́ nínú káàdì, mo pa á rẹ́ nínú kọ̀mpútà. Mo gba tèkejì tí kò mọ́jú, níbi tí àpá náà ti dà bí ìgbà tí ẹnì kan fi ìka eléérú kàn án, mo sì fi kọ̀mpútà nù ún mọ́ féfé. Òun la tẹ̀ jáde di ńlá fún Ìdòwú. Mo wá sọ fún Ṣadé pé mo ti pinnu, oníkáàdì méjì la ó rà. Mo ṣàlàyé fún un dáadáa, arúgbó, òkú, ìbejì, gbogbo rẹ̀. Kò sí irọ́ níbẹ̀. Àmọ́ kì í ṣe ìdí tí mo fi yàn án nìyẹn. Aparéì tó ń rí ohun gbogbo ni mo ń sá fún.

Ọjọ́ ọjà pé. Mo ń retí Àlùfáà. Ọ̀kadà dúró níta, mo wojú fèrèsé. Ìyá Táyé ni, ó ń sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn Bíọ́dún, fótò ńlá náà wà ní abíyá rẹ̀. Bíọ́dún dì í lọ́wọ́ mú dé àtẹ̀gùn. Mo fẹ́ gba ẹ̀yìnkùlé sá, ẹ ò gbọ́? Bàbá arúgbó bíi tèmi. Orúnkún ni kò jẹ́.

Ó wọlé, ó jókòó, ó tẹ́ fótò náà sórí ẹsẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Ta ló nu àpá ojú ọmọ mi?"

Mo mú aṣọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í nu aparéì.

"Àpá kan wà níbí." Ó gbé àtàǹpàkò lé òkè ojú òsì, ibẹ̀ gan-an. "Ojoojúmọ́ ni mo máa ń fọwọ́ kàn án kí n tó sùn. Kò sí mọ́. Ẹ dá a padà fún mi."

Ṣadé wò mí. Mo ṣubú lulẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo ní, "Ìyá Táyé, ẹ pa mí. Táyé ò lápá kankan lójú. Kì í ṣe Táyé." Ọ̀rọ̀ tí mo ti dì sínú fún ọgbọ̀n ọdún ó lé, ẹ̀ẹ̀kan náà ló bọ́.

Ìyá Táyé na ọwọ́ sí mi. Ó ní, "Ẹ dìde, ilẹ̀ tutù. Ṣé ẹ rò pé ìyá kì í mọ ojú ọmọ rẹ̀ ni? Ibi tí mo jókòó sí yìí ni mo ti mọ̀ lọ́jọ́ náà."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ̀rọ̀?"

"Mo wo ojú yín. Ẹ ń gbọ̀n ju èmi tọ́mọ kú fún lọ. Mo ní bí mo bá dá a padà, ọwọ́ òfo ni màá gbé wọ Yoko. Mo bá gbé e lọ. Nígbà tó yá, mo fẹ́ràn wọn." Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀ rí. Bí obìnrin tí mi ò mọ̀ bá ti wọ ilé mi, màá yí fótò yẹn kojú sí ògiri. Ẹ̀rù ń bà mí pé ìyá rẹ̀ á rí i, á ní kí n gbé ọmọ òun fóun."

Ẹ gbọ́ nǹkan! Èmi ń bẹ̀rù níbí, òun ń bẹ̀rù lọ́hùn-ún, fótò kan náà.

Ó tẹ̀ síwájú, ó di ọwọ́ mi mú. "Ọ̀gá, ọmọ ta ni? Ṣé ó ṣì wà láyé, àbí òun náà ti lọ ṣẹ́gi?" Mo rí i pé ìbéèrè yẹn gan-an ló ti ń bẹ̀rù láti ọdún yìí wá.

Ni Bíọ́dún bá yọjú lẹ́nu ọ̀nà. "Ìyá, ṣé kí n ṣì dúró ni, àbí kí n gbé ẹlòmíì?"

Mo na ìka sí i. Ìyá Táyé yíjú wò ó, ó gbójú sókè wo ojú òsì rẹ̀; ẹ̀yìn Bíọ́dún nìkan ló ti ń wò látọjọ́ tó ti ń gun ọ̀kadà rẹ̀. Ojú ìyá náà ò ríran jìnnà mọ́. Ó ní, "Sún mọ́ mi, ọmọ mi." Ó gbé àtàǹpàkò lé àpá náà, kò sì gbé e kúrò mọ́.

Ṣadé ló bá mi ṣàlàyé fún Bíọ́dún, torí ẹkún ò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Ó gba fótò náà, ó wò ó títí. "Èmi rèé? Ìyá mi máa ń sọ pé àwọn ya mí ní fótò rí, pé ibà gbé àwọn dè, àwọn ò rí ọ̀nà lọ gbà á. Mi ò rí ojú ara mi ní kékeré rí." Ó rẹ́rìn-ín, ó nu imú, ó tún wò ó. "Kí ló wá dé tí mo fi pé méjì?"

Ẹ máa bi mí pé aparéì wo la padà rà. Lọ́jọ́ kejì, mo ní kí Ṣadé mú èyí tó wù ú, ó sì mú èyí tó ń rí ohun gbogbo. Mi ò bá a jiyàn. Ṣọ́ọ̀bù ti di tirẹ̀, ẹ̀rù ni mo bá a kó kúrò níbẹ̀. Bí iṣẹ́ yìí bá wù yín, ẹ kọ́ ọ. Bí ẹ bá ṣàṣìṣe, ẹ gun kẹ̀kẹ́ lọ sọ ọ́ lọ́jọ́ kejì.

Àmọ́ ọjọ́ tí Ìyá Táyé wá yẹn ni mo ya fótò mi ìkẹyìn. Ìyá Táyé ní kí Bíọ́dún jókòó ti òun lórí àpótí, ó gbé fótò àtijọ́ náà, tó ṣì wà lórí tábìlì mi, sáàárín wọn. Mo gbé aparéì méjèèjì kọ́ ọrùn, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Mo mú èyí tó mọ́jú. Mo tẹ̀ ẹ́, mo ní ó tó, mo fẹ́ jókòó.

Ìyá Táyé ò dìde. Ó ní, "Ẹ fi èkejì tún un yà, Ọ̀gá. Ìbejì ni wọ́n."